Nígbà Tí Iṣẹ́ Àjọṣe Bá Bàjẹ́, Ọrùn Ta Ni Ẹ̀bi Wà?

Iṣẹ́ kan ti wọ àárín àwọn ọ̀dọ́ wa láti bí ọdún mélòó kan, tí àwọn bàbá wa kò mọ orúkọ rẹ̀. Láti Mọ́níyà dé Lálùpọn, láti Ẹ̀gbẹ́dá dé Akanrán, kódà ní àwọn abúlé tí mọ́tò kì í yà sí bí kò bá ṣe ọjọ́ ọjà, a ń rí ọ̀dọ́mọkùnrin àti ọ̀dọ́mọbìnrin tí wọ́n jókòó ti kọ̀ǹpútà àgbélétan, tí wọ́n ń kọ́ iṣẹ́ tí à ń pè ní DevOps. Ìjọba àpapọ̀ pàápàá fi í sí ara ẹ̀ka iṣẹ́ méjìlá tí wọ́n ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ nínú ètò 3MTT tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 2023. Àwọn tí ń sọ iye owó tí ó wà nídìí iṣẹ́ náà ti pọ̀, a kò ní fi tiwa kún un. Ohun tí a fẹ́ gbé yẹ̀ wò ni ìbéèrè kan tí a kò rí i kí àwọn olùkọ́ iṣẹ́ náà máa bi àwọn ọmọ wa: nígbà tí iṣẹ́ tí ọ̀pọ̀ ènìyàn jọ ń ṣe bá bàjẹ́, tí ẹlòmíràn sì ti ibẹ̀ jìyà, ta ni ó jẹ̀bi?

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ ohun tí iṣẹ́ náà jẹ́. Nílé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe ètò orí kọ̀ǹpútà, irú èyí tí báńkì fi ń fi owó ránṣẹ́, oríṣi òṣìṣẹ́ méjì ni ó máa ń wà tẹ́lẹ̀. Àwọn kan ń kọ ètò náà; àwọn kejì ń tọ́jú àwọn sáfà, ìyẹn àwọn kọ̀ǹpútà ńlá tí ètò náà ń ti orí wọn ṣiṣẹ́ tọ̀sán-tòru. Ẹni tí ó kọ ọ́ ń fẹ́ kí ohun tuntun jáde lónìí. Ẹni tí ó ń ṣọ́ ọ kò fẹ́ kí nǹkan kan yí padà, nítorí òun ni wọn yóò jí lóru bí ó bá dákú. Bí ó bá sì dákú lóòótọ́, èkíní á ní ọ̀dọ̀ èkejì ni ó ti bàjẹ́, èkejì á ní bí wọ́n ṣe gbé e fún òun nìyẹn. Ní oṣù kẹfà ọdún 2009, ọkùnrin méjì láti ilé iṣẹ́ Flickr ní Amẹ́ríkà, John Allspaw àti Paul Hammond, dìde níwájú àpéjọ àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn, wọ́n ṣàlàyé bí oríṣi òṣìṣẹ́ méjèèjì ṣe ń ṣiṣẹ́ pọ̀ lọ́dọ̀ wọn débi pé wọ́n ń gbé àtúnṣe jáde ju ìgbà mẹ́wàá lọ lóòjọ́. Ní oṣù kẹwàá ọdún náà, Patrick Debois, ọmọ ilẹ̀ Bẹ́ljíọ̀mù, pe ìpàdé kan jọ ní ìlú Ghent tí ó pè ní DevOpsDays. Láti ibẹ̀ ni orúkọ náà ti tàn.

Ìdí ọ̀rọ̀ iṣẹ́ náà ni pé a kò gbọdọ̀ fi iṣẹ́ ńlá sí ìkáwọ́ ìrántí ènìyàn kan ṣoṣo. Gbogbo àyípadà ni a ó kọ sílẹ̀ pẹ̀lú orúkọ ẹni tí ó ṣe é àti ìdí tí ó fi ṣe é. Git, tí Linus Torvalds ṣe ní 2005, ni ọ̀pọ̀ ń lò fún èyí. Díẹ̀díẹ̀ ni a ó máa yí nǹkan padà, kì í ṣe kí a kó àtúnṣe oṣù mẹ́fà jọ kí a wá dà á lé àwọn ènìyàn lórí lọ́jọ́ kan. Ẹ̀rọ yóò kọ́kọ́ dán an wò, ẹlòmíràn yóò yẹ̀ ẹ́ wò, ẹ̀rọ náà ni yóò sì pín in dé orí gbogbo sáfà, kì í ṣe ọwọ́ ẹni tí oorun ń kùn. A ó máa ṣọ́ ọ lẹ́yìn tí ó bá jáde, a ó sì ti mọ ọ̀nà tí a ó gbà padà sẹ́yìn kí a tó bẹ̀rẹ̀.

Àwọn àgbẹ̀ wa kò ní rí èyí bí ohun àjèjì. Bàbá tí ó gbin kòkó lẹ́bàá Akanrán tàbí Ẹ̀rúnmú kò lè fi ẹnu lásán sọ pé kòkó òun dára. Òṣìṣẹ́ ìjọba tí ń yẹ kòkó wò á bù nínú àpò, á fi ọ̀bẹ là á sí méjì ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, á wo èyí tí ó ti bu, èyí tí kòkòrò ti jẹ àti èyí tí wọn kò bò dáadáa kí wọ́n tó sá a, lẹ́yìn náà ni yóò tó sọ ipò tí kòkó náà wà. Kì í ṣe pé ó pe bàbá náà ní òpùrọ́. Àpò kan tí ó bu lè ba orúkọ gbogbo kòkó tí ó bá a wọ ọkọ̀ òkun jẹ́ ni.

Ní oṣù karùn-ún ọdún 2025, irú iṣẹ́ yìí bàjẹ́ lójú gbogbo Nàìjíríà. Nínú nǹkan bí mílíọ̀nù 1.95 ọmọ tí wọ́n ṣe ìdánwò JAMB lọ́dún náà, èyí tí ó lé ní mílíọ̀nù kan àti ààbọ̀ kò gba 200 nínú 400. Àwọn kan kọ́kọ́ sọ pé ọ̀lẹ ni àwọn ọmọ ìwòyí, pé fóònù ni wọ́n ń tẹ̀ kiri, wọn kò kàwé. Ariwo àwọn òbí àti olùkọ́ kò jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà kú síbẹ̀. Nígbà tí wọ́n yẹ iṣẹ́ náà wò, wọ́n rí i pé JAMB ti yí ọ̀nà tí wọ́n ń gbà da ìbéèrè àti ìdáhùn rú mọ́ra padà lọ́dún náà, wọ́n sì ti yí bí wọ́n ṣe ń ṣírò èsì padà pẹ̀lú. Nítorí náà, àtúnṣe kan wà tí ó yẹ kí ó dé orí gbogbo sáfà tí ń gbé ìdánwò fún àwọn ibùdó. Ó dé orí ọ̀wọ́ sáfà tí wọ́n ń pè ní ti Kàdúná. Kò dé orí ọ̀wọ́ ti Èkó, èyí tí ó ń bá ìpínlẹ̀ Èkó àti ìpínlẹ̀ márùn-ún ilẹ̀ Ìgbò ṣiṣẹ́. Máàkì ọmọ tí ó mọ̀wé àti ti ọmọ tí kò mọ̀wé jọ dàrú. Ibùdó 157 ni ó kàn: 65 ní Èkó, níbi tí ọmọ 206,610 ti ṣe ìdánwò, àti 92 ní ilẹ̀ Ìgbò, níbi tí ọmọ 173,387 ti ṣe é. Àpapọ̀ wọn jẹ́ 379,997. (Àwọn ọmọ Akínyẹlé àti Lágelú tí wọ́n ṣe tiwọn ní Ìbàdàn bọ́ nínú rẹ̀. Kì í ṣe ọgbọ́n wọn, ibi tí wáyà so wọ́n mọ́ ni.) Ní ọjọ́ 14 oṣù náà, Ọ̀jọ̀gbọ́n Ishaq Oloyede tí ó jẹ́ olórí JAMB nígbà náà dúró níwájú àwọn oníròyìn, ó jẹ́wọ́ àṣìṣe náà, ó tọrọ àforíjì, ó sì sunkún. Láti ọjọ́ 16 ni àwọn ọmọ náà ti bẹ̀rẹ̀ sí í tún ìdánwò ṣe.

Ẹnu àwọn ènìyàn kò kò lórí ọ̀rọ̀ náà. Àwọn kan ní kí ó fi ipò sílẹ̀. Àwọn mìíràn ní ẹni tí ó jẹ́wọ́ ní ilẹ̀ tí àwọn aláṣẹ kì í ti í jẹ́wọ́, ó yẹ kí a yìn ín. Nínú tiwa, ọ̀pọ̀ ló tètè dìde láti gbèjà rẹ̀, nítorí pé onímọ̀ ẹ̀sìn Ìsìláàmù ni, ó sì tún jẹ́ akọ̀wé àgbà fún ìgbìmọ̀ gíga àwọn Mùsùlùmí ní Nàìjíríà nígbà náà. A kò rò pé irú ìgbèjà bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ yìí ń fẹ́. Bí ó bá jẹ́ ẹlòmíràn tí kì í ṣe ti wa ni, ṣé ohun tí a ó sọ nìyẹn? Ìbéèrè náà jinlẹ̀ ju ọ̀rọ̀ ẹnìkan lọ. Kì í ṣe ọwọ́ Oloyede ni ó yẹ kí ó gbé àtúnṣe sórí sáfà. Òṣìṣẹ́ kan níbì kan ni. Ṣùgbọ́n bí a bá rí òṣìṣẹ́ náà mú, ṣé ọ̀rọ̀ ti parí? Kí ló dé tí kò sí ẹ̀rọ tàbí ènìyàn kejì tí yóò kígbe pé ohun tí ó wà ní Kàdúná yàtọ̀ sí ohun tí ó wà ní Èkó?

Ohun tí ó jọ èyí bí ìbejì ti ṣẹlẹ̀ rí. Ní ọjọ́ 1 oṣù kẹjọ ọdún 2012, ilé iṣẹ́ Knight Capital tí ń ra ìpín ìdókòwò tí ó sì ń tà á ní Amẹ́ríkà fẹ́ gbé ètò tuntun sórí sáfà mẹ́jọ. Òṣìṣẹ́ tí ó ṣe é gbé e sórí méje, ó gbàgbé ìkẹjọ. Nígbà tí ọjà ṣí láàárọ̀, ìkẹjọ yìí bẹ̀rẹ̀ sí í fi ètò àtijọ́ ṣiṣẹ́, ó ń rà, ó ń tà, kò dúró. Láàárín ìṣẹ́jú 45, ilé iṣẹ́ náà pàdánù ohun tí ó lé ní mílíọ̀nù 440 dọ́là, kí ọdún kan sì tó pé, ó ti dà pọ̀ mọ́ ilé iṣẹ́ mìíràn. Ní 2013 ni àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tí ń ṣọ́ irú ọjà bẹ́ẹ̀ bu owó ìtanràn mílíọ̀nù 12 dọ́là fún wọn. Ẹ gbọ́ ohun tí wọ́n rí sí wọn o: wọ́n ní ilé iṣẹ́ náà kò ní ìlànà kan ní àkọsílẹ̀ tí ó pọn dandan kí òṣìṣẹ́ kejì yẹ iṣẹ́ ti àkọ́kọ́ wò. Ilé iṣẹ́ ni wọ́n bá wí, kì í ṣe ẹni tí ó gbàgbé.

Láti inú irú ìrírí báyìí ni àwọn àgbà iṣẹ́ DevOps ti mú ìdáhùn tiwọn jáde. John Allspaw tí a dárúkọ lókè, nígbà tí ó wà ní ilé iṣẹ́ Etsy ní 2012, kọ̀wé pé bí nǹkan bá bàjẹ́, kí àwọn tí ọ̀rọ̀ kàn jókòó, kí wọ́n sọ gbogbo ohun tí wọ́n ṣe, ohun tí wọ́n rí àti ohun tí wọ́n rò nígbà náà, láìsí pé a ó fìyà jẹ wọ́n nítorí ohun tí wọ́n sọ. Ìdí rẹ̀ hàn gbangba. Ẹni tí ó bá mọ̀ pé wọn yóò lé òun lẹ́nu iṣẹ́ yóò fi òtítọ́ pamọ́. Bí òtítọ́ bá sì pamọ́, ohun tí ó ba iṣẹ́ jẹ́ lánàá yóò tún bà á jẹ́ lọ́la.

Àpẹẹrẹ rẹ̀ tí ó gún régé ni ti GitLab. Ní ọjọ́ 31 oṣù kìíní ọdún 2017, òṣìṣẹ́ kan tí ó ti ṣiṣẹ́ wọ òru pa àkójọ ìsọfúnni àwọn oníbàárà rẹ́, ó rò pé orí sáfà kejì ni òun wà. Nígbà tí yóò fi dá a dúró, nínú nǹkan bí gígábáìtì 300, díẹ̀ tí kò tó 5 ni ó kù. Wọ́n wá ẹ̀dà tí ó yẹ kí ó wà ní ìpamọ́. Ọ̀nà márùn-ún ni wọ́n ní, kò sí èyí tí ó ṣiṣẹ́ bí ó ṣe yẹ. Ẹ̀dà kan tí ẹnìkan ṣe fún iṣẹ́ mìíràn ní wákàtí mẹ́fà ṣáájú ni ó gbà wọ́n là. Kí ni ilé iṣẹ́ náà ṣe? Wọ́n kọ gbogbo rẹ̀ síta kí ayé kà á, wọ́n ń sọ bí iṣẹ́ ṣe ń lọ ní wákàtí dé wákàtí, wọn kò sì dárúkọ òṣìṣẹ́ náà nínú àkọsílẹ̀. Bí wọ́n bá ti lé e lọ́jọ́ kejì, ta ni ì bá tún sọ fún wọn pé ẹ̀dà márààrún kò ṣiṣẹ́?

Ẹni tí ó bá fẹ́ rí òdìkejì rẹ̀, kí ó bi àwọn ará wa tí wọ́n wà ní ìlú Òyìnbó léèrè ọ̀rọ̀ Post Office. Láti 1999 ni ilé iṣẹ́ ìfìwéránṣẹ́ ilẹ̀ Bìrìtìkó ti ń lo ètò ìṣirò kan tí wọ́n ń pè ní Horizon, tí ilé iṣẹ́ Fujitsu ń bójú tó. Bí ìṣirò kò bá gún, wọ́n á ní ẹni tí ó ń bójú tó ẹ̀ka náà ni ó jí owó. Wọ́n ní ẹ̀rọ kì í ṣe àṣìṣe. Títí di 2015, àwọn tí ilé ẹjọ́ dá lẹ́bi lé ní 900. Àwọn kan ṣẹ̀wọ̀n, àwọn kan ta ilé wọn láti san owó tí wọn kò jẹ. Ẹ̀rọ náà ni ó ń ṣìṣe. Àwọn kan nínú àwọn tí ń tọ́jú ètò náà mọ̀ pé ó lábùkù, wọ́n sì mọ̀ pé a lè ti ọ̀nà jíjìn wọ inú ìṣirò ẹ̀ka láìsí pé olóòótọ́ inú ẹ̀ka mọ̀. Wọ́n dákẹ́. Ní 2024 ni ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin wọn tó ṣe òfin tí ó pa ọ̀pọ̀ ìdájọ́ náà rẹ́, nígbà tí àwọn kan nínú àwọn tí wọ́n dá lẹ́bi ti kú.

Bí a bá dúró síhìn-ín, ó jọ pé ìdáhùn ti dé: kí a má bá ẹnikẹ́ni wí, kí òtítọ́ lè jáde. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ń kọ́ iṣẹ́ náà ni ó dúró síbẹ̀. Àwa kò lè dúró síbẹ̀. Ọmọ tí ó wà ní Ẹnúgu tí máàkì rẹ̀ dàrú kò sí nínú ìpàdé tí wọ́n ti ń dárí ji ara wọn. Ó rọrùn fún ẹlẹ́ṣẹ̀ àti ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ láti jókòó pọ̀ kí wọ́n sọ pé ẹnìkan kò jẹ̀bi. Ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ ni ó ni ìdáríjì.

Ìmọ̀ òfin Ìsìláàmù ti bá irú ọ̀rọ̀ yìí pàdé tipẹ́, kì í ṣe lórí kọ̀ǹpútà bí kò ṣe ní ṣọ́ọ̀bù aránṣọ àti aláró. Ẹni tí a fi ohun ìní sí lọ́wọ́, àmánà ni ó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Bí ó bá bàjẹ́ láìsí àìbìkítà tirẹ̀, kò ní san án. Ìlànà nìyẹn láti ìbẹ̀rẹ̀. Bí ìlú ti ń gbòòrò sí i ni àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé aṣọ jóná, aṣọ sọnù, oníbàárà kò sì ní ẹ̀rí kankan. A gbọ́ ọ láti ọ̀dọ̀ Kálífà Alí pé ó ní kí oníṣẹ́ ọwọ́ máa san án, nítorí pé láìsí èyí, nǹkan kò ní tún ṣe láàárín àwọn ènìyàn. Ilé ẹ̀kọ́ Máàlíkì, tí àwọn àlùfáà wa ní ilẹ̀ Yorùbá ń tẹ̀lé, gba èyí: ohun tí a gbé fún oníṣẹ́ ọwọ́ ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, tí ó bàjẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, òun ni yóò san án, àyàfi bí ó bá ní ẹ̀rí pé kì í ṣe ẹ̀bi òun. Ẹ kíyè sí i pé wọn kò pè é ní olè. Aránṣọ tí ó fi áyọ́ọ̀nù jó aṣọ ọdún Iléyá kò dẹ́ṣẹ̀ dandan. Gbèsè ni ó jẹ.

Níbòmíràn, òfin náà tún lọ jìnnà ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tí ó bá fi àṣìṣe pa ènìyàn, òun fúnra rẹ̀ ni yóò ṣe kàfárà. Ẹni tí kò bá rí ẹrú dá sílẹ̀ á gba ààwẹ̀ oṣù méjì tí ó tẹ̀lé ara wọn. Ṣùgbọ́n owó ẹ̀mí tí àwọn ẹbí olóògbé yóò gbà, àwọn ìbátan ẹni tí ó ṣe àṣìṣe ni ó ń dá a san, títí ọdún mẹ́ta. Àwọn onímọ̀ kan láti ilé ẹ̀kọ́ Hánáfì sọ ìdí rẹ̀: agbára àwọn ènìyàn rẹ̀ ni ó gbẹ́kẹ̀ lé tí ó fi ń ṣe bí ó ṣe ń ṣe, àwọn náà sì yẹ kí wọ́n ti máa ṣọ́ ọ. Àwọn onímọ̀ yìí kan náà ni wọ́n ní bí àwọn ọmọ ogun bá wà nínú ìwé owó oṣù kan náà, àwọn tí wọ́n jọ wà nínú ìwé náà ni yóò dá owó yìí fún ẹnìkejì wọn, dípò ẹbí. Ẹ jẹ́ kí a ka ìyẹn lẹ́ẹ̀mejì. Àwọn tí wọ́n jọ ń gba owó oṣù, àwọn ni yóò jọ san owó àṣìṣe. Ẹni tí bàbá rẹ̀ bá ti ṣe ààrò rí kò ní ṣòro fún láti lóye rẹ̀: ẹni tí ó bá jẹ nínú agbára ẹgbẹ́ nígbà oko rẹ̀, kò lè sọ pé òun kò mọ̀ nípa oko ẹlẹgbẹ́ òun.

Nítorí náà, lójú tiwa, ìbéèrè mẹ́ta ni àwọn ènìyàn ń pò pọ̀ mọ́ra tí ó fi dà bí ẹni pé ìdáhùn kan ni ó wà. Kí ni ó ṣẹlẹ̀? Ta ni ó jẹ gbèsè? Ta ni ó ṣẹ̀? Lórí èkíní, àwọn DevOps sọ òótọ́: ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ bẹ̀rù láti sọ ohun tí ó ṣe, nítorí pé láìsí òtítọ́ yìí, àwọn ìbéèrè yòókù kò ní ìdáhùn. Lórí èkejì, ilé iṣẹ́ lódindi ni ó jẹ gbèsè, láti orí ọ̀gá àgbà dé orí ẹni tí ó dé lánàá, wọn kò sì gbọdọ̀ fi ẹkún tàbí ẹ̀bẹ̀ rọ́pò rẹ̀. Ìdánwò tí JAMB tún ṣe fún àwọn ọmọ wọ̀nyẹn jẹ́ ara gbèsè náà, ó sì yẹ kí a gbà pé wọ́n tètè ṣe é. Kì í ṣe gbogbo gbèsè náà ni. Owó ọkọ̀ ẹ̀ẹ̀kejì wà, ọjọ́ tí òbí fi ṣe aáwọ̀ pẹ̀lú ọmọ tí kò ṣẹ̀ wà.

Ìkẹta ni ó le jù. Ẹni tí ó gbàgbé sáfà kan nínú mẹ́jọ ṣe àṣìṣe; kò sí ọmọ ènìyàn tí kì í gbàgbé. Ọ̀gá tí ó mọ̀ pé ènìyàn máa ń gbàgbé, tí kò sì fi ẹnìkejì tì í, àìbìkítà ni tirẹ̀, a kò sì lè pè é ní àṣìṣe lásán. Ẹni tí ó mọ̀ pé nǹkan ti bàjẹ́, tí ó pa á mọ́ tí ẹlòmíràn fi ṣẹ̀wọ̀n, ìyẹn ti kọjá àìbìkítà; ó ti jẹ àmánà. Àwọn kan yóò sọ pé ìpín yìí kò wúlò, pé ní ọjọ́ tí nǹkan bá bàjẹ́, olúkúlùkù ni yóò pe tirẹ̀ ní àṣìṣe. Òótọ́ ni. Ìdí nìyẹn tí a fi ń kọ nǹkan sílẹ̀ kí ó tó bàjẹ́. Ìwé tí ó wà nílẹ̀ láti oṣù mẹ́ta sẹ́yìn, tí òṣìṣẹ́ fi sọ fún ọ̀gá pé ẹ̀dà tí ó wà ní ìpamọ́ kò ṣiṣẹ́, ni yóò fi hàn bóyá ọ̀gá náà kò mọ̀ tàbí ó mọ̀.

Ẹ jẹ́ kí a mú un wá sílé. Ọ̀pọ̀ nínú yín tí ń kọ́ iṣẹ́ yìí, láti ilé ni ẹ ó ti máa ṣe é fún ilé iṣẹ́ tí ó wà ní Èkó tàbí òkè òkun. Ká ní o wà ní Lálùpọn, o ń fi ọwọ́ gbé àtúnṣe sórí sáfà mẹ́jọ, o ti ṣe mẹ́ta, iná lọ, bátìrì kọ̀ǹpútà kú, nẹ́tíwọ̀kì sì lọ pẹ̀lú rẹ̀. Sáfà mẹ́ta ń fi ìṣirò tuntun ṣiṣẹ́, márùn-ún ń fi ti àtijọ́, owó àjọ àwọn ìyá ọlọ́jà ni ó sì wà lórí rẹ̀. Ṣé wàá sọ pé NEPA ni ó jẹ̀bi? Lójú wa, ẹni tí ó mọ̀ pé iná ìlú rẹ̀ kì í dúró, tí ó sì mọ̀ pé ọ̀nà wà láti kọ iṣẹ́ náà sílẹ̀ fún ẹ̀rọ tí ó wà níbi tí iná kì í ti í lọ kí ó ṣe é tán tàbí kí ó dá gbogbo rẹ̀ padà, tí kò sì kọ́ ọ, kò lè pe tirẹ̀ ní àṣìṣe. Kíkọ́ iṣẹ́ dáadáa ti di ọ̀rọ̀ ẹ̀tọ́ ẹlòmíràn láti ibẹ̀ lọ. Ìdí nìyẹn tí inú wa kì í fi í dùn sí àwọn tí ń ra ìdáhùn ìdánwò kí wọ́n lè gba ìwé ẹ̀rí iṣẹ́ yìí. Wọ́n ń sọ pé àwọn kò cheat ẹnikẹ́ni, pé ilé iṣẹ́ Òyìnbó tí ó ṣe ìdánwò náà kò pàdánù kọ́bọ̀. Ẹni tí wọ́n rẹ́ jẹ kò tíì dé ni. Òun ni ẹni tí owó rẹ̀ yóò wà lórí sáfà lọ́jọ́ tí wọn kò bá mọ ohun tí wọn yóò ṣe.

Ọ̀rọ̀ kọ́kọ́rọ́ náà ń kọ́? Ẹni tí ó bá wọ iṣẹ́ yìí ni wọn yóò fi ọ̀rọ̀ ìgbaniwọlé sí gbogbo sáfà lé lọ́wọ́. A ti rí àwọn ọ̀rẹ́ tí wọ́n ń fún ara wọn ní irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ lórí WhatsApp, nítorí pé ọmọ jàmáà kan náà ni wọ́n, pé àwọn fọkàn tán ara wọn. Ìfọkàntán yìí kì í ṣe tìrẹ láti fi tọrọ. Oníbàárà tí kò mọ ọ̀rẹ́ rẹ rí ni ó ni ín.

Ohun kan wà tí a lè bẹ̀rẹ̀ láìdúró de ilé iṣẹ́ kankan. Àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n ń kẹ́kọ̀ọ́ pọ̀ lẹ́yìn àsàlátù lọ́jọ́ Sunday, tí wọ́n ń lo kọ̀ǹpútà kan náà, kí wọ́n ṣí ìwé kan. Ẹni tí ó bá ba nǹkan jẹ́ lórí kọ̀ǹpútà náà, kí ó kọ ọ́ sínú rẹ̀ lọ́jọ́ náà gan-an: ohun tí ó fẹ́ ṣe, ohun tí ó tẹ̀, ohun tí ó rí, àti aago tí ó rí i. Kí ẹnikẹ́ni má fi ṣe yẹ̀yẹ́. Bí iṣẹ́ ẹlòmíràn bá bá a lọ, gbogbo ẹgbẹ́ yóò jókòó tì í títí tí wọn yóò fi tún un ṣe, kódà bí ilẹ̀ bá ṣú. Lẹ́yìn náà, kí wọ́n kọ ohun tí wọ́n yí padà kí irú rẹ̀ má bàa tún ṣẹlẹ̀ sí ìsàlẹ̀ rẹ̀, kí ẹni tí kò sí níbẹ̀ lọ́jọ́ náà kà á, kí ó sì fi orúkọ rẹ̀ sí i pé òun ti kà á.